Ẹ má fi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ há àárín katakata àti apá agbẹ́rù rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè fún mi nínú ìwé ìròyìn yín kí n lè bá àwọn tó ní katakata kéékèèké àti àwọn tó ń wà á sọ̀rọ̀, láti Kétu níbí ní orílẹ̀-èdè Benin dé Pọ́bẹ̀ àti Ṣàkété, títí dé Àjàṣẹ́, àti àwọn ará wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí apá irin tí a ń so mọ́ iwájú katakata, tó ní garawa ńlá lẹ́nu, tí a fi ń kó yẹ̀pẹ̀, ìgbẹ́ ẹran, ẹ̀gẹ́, ìdì ẹyìn ọ̀pẹ àti òkúta. Lódà ni àwọn kan ń pè é. Bí wọ́n ṣe ń so ó àti bí wọ́n ṣe ń tú u ló ń kọ mí lóminú. Nígbà ìtúlẹ̀, wọ́n á tú u kí katakata lè rọrùn láti yí nínú oko. Nígbà tí ẹrù kíkó bá tún dé, wọ́n á so ó padà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni ẹlòmíràn ń ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí àwọn awakọ̀ fi ń gbàgbé bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí gbogbo olówó katakata gbà lọ́wọ́ mi: bí wọ́n bá ṣe gbé apá náà kalẹ̀ ni wọn yóò ṣe rí i gbé padà. Ẹni tó sáré tú u lórí ilẹ̀ tó dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò tú agbára epo inú rọ́bà tó ń gbé epo lọ sínú apá sílẹ̀, ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tí yóò so ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ yẹn ni ihò píìnì kò ní bára mu, tí ẹnu rọ́bà kò ní wọlé, tí ariwo á sọ, tí wọ́n á pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pé kó bọ́ sáàárín, kó fi ìka wò ó bóyá ihò ti bá ihò. Ọmọ yẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń gbé. Apá méjì ló ní, pẹ̀lú garawa níwájú àti òpó irin méjì lẹ́yìn. Jáàkì mẹ́rin, ìyẹn páìpù irin tí epo ń ti ọ̀pá inú rẹ̀ jáde, ló ń mú un ṣiṣẹ́: méjì ń gbé apá sókè, méjì ń yí garawa. Lórí katakata tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 20 sí 50, irin yìí sábà máa ń wúwo láàárín kìlò 200 sí 450, kí a tó bu ohunkóhun sínú garawa. Òpó méjèèjì ń jókòó sínú ìjókòó irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara katakata lọ́tùn-ún àti lósì, píìnì ló sì ń dè é níbẹ̀. Rọ́bà mẹ́rin ló ń gbé epo haidirọ́líìkì lọ, tó ń gbé e bọ̀. Ìfúnpá epo yìí máa ń tó bar 140 sí 190 lórí ọ̀pọ̀ katakata kéékèèké. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí kì í sábà ju bar 2 àti ààbọ̀ lọ.

Ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí máa ń le bí àpáta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ ìdúró apá á rì sínú rẹ̀, ọ̀kan á sì rì ju èkejì lọ. Ohun tó tọ́ ni pé kí ẹni tó ní katakata da kọnkéré sí igun kan nínú ọgbà rẹ̀. Mítà 3 ní 4, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ti tó. Mítà kúbíìkì kan àti díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá lo kìlò sìmẹ́ńtì 350 fún mítà kúbíìkì kọ̀ọ̀kan, àpò 9 ni yóò gbà. Owó kékeré ni èyí jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó katakata. Ẹni tí kò bá tíì lágbára rẹ̀, kó wá pákó líle tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ ìdúró méjèèjì àti sábẹ́ garawa. Kó má ṣe lo búlọ́ọ̀kù o. Búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ lójijì, kì í sì í kìlọ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú garawa nù. Ẹ má tú garawa kúrò lẹ́nu apá, torí òun ni apá yóò fi ṣe ẹsẹ̀ iwájú nígbà tó bá dá dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹrù tí a so sẹ́yìn katakata kó má baà fò ṣì wà níbẹ̀ títí apá yóò fi kúrò pátápátá. Ẹ sọ garawa kalẹ̀ kí ìdí rẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tàbí kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ díẹ̀ bí ìwé ìlò ẹ̀rọ yín bá wí bẹ́ẹ̀. Jíà á wà ní ipò òfo, bíréèkì ọwọ́ á di, ẹ́ńjìnnì á kú, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lápò ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wá sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ìdúró sí ipò rẹ̀, kí ẹ rí i pé píìnì tirẹ̀ wọlé dé òpin, pẹ̀lú kílíìpù rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, awakọ̀ á padà sórí ìjókòó rẹ̀. Mo ní sórí ìjókòó. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí wọ́n á na ọwọ́ dé ọ̀pá ìdarí láti ibẹ̀. Ibi tí wọ́n dúró sí yẹn gan-an, láàárín apá àti táyà, ni irin ń wá nígbà tó bá rìn. Láti orí ìjókòó, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kó rọra ti ọ̀pá ìdarí kí garawa tẹ ilẹ̀ títí ìwúwo yóò fi kúrò lórí píìnì. Táyà iwájú á fúyẹ́ díẹ̀, kò gbọdọ̀ fò kúrò nílẹ̀. Kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sọ̀kalẹ̀, kó yọ píìnì. Ọwọ́ lásán ló yẹ kó yọ píìnì yìí. Bí ó bá di pé òòlù ló ń béèrè, ìwúwo ṣì wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Kí awakọ̀ padà sókè, kó tún ọ̀pá ìdarí tì díẹ̀ sí ibi tó yẹ. Ẹni tó bá fi òòlù lé e jáde nígbà tí ìwúwo wà lórí rẹ̀, ojú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òpó yóò bẹ́ sí.

Bí píìnì bá ti jáde lọ́tùn-ún àti lósì, ó ku kí òpó kúrò nínú ìjókòó rẹ̀. Agbára epo ló ń ṣe èyí, kì í ṣe agbára ènìyàn. Lórí ọ̀pọ̀ katakata kéékèèké, yíyí garawa sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé òpó sókè kúrò. Lórí àwọn mìíràn, ọ̀pá ìgbé-apá ni wọ́n ń lò. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ìwé ìlò rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ti katakata kan ṣe àdánwò lórí òmíràn. Ẹ máa tì í bíńtín bíńtín, kí ẹ máa wo òpó méjèèjì. Bí ọ̀kan bá jáde tí èkejì há, ẹ má fi tipá ṣe é. Ilẹ̀ kò tẹ́ ni, tàbí kí atẹ́gùn táyà ẹ̀yìn kan ti dín ju ti èkejì. Ẹ dá a padà, ẹ fẹ́ táyà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí apá bá ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni àwọn ènìyàn ń fò jù lọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: ẹ ti ọ̀pá ìdarí síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì, àti sí ipò ìléfòó, níbi tí apá ti ń lọ sókè sódò bí ilẹ̀ bá ṣe rí, ní ìgbà mélòó kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Èyí ló ń tú agbára tó kù nínú rọ́bà sílẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná darí epo, kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ipò tí iná ń tàn kí èyí tó lè ṣiṣẹ́. Ìgbà náà ni kí ẹ wá tú ẹnu rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi ìdérí rẹ̀ bò ó, akọ àti abo, kí ẹ sì fi rọ́bà kọ́ ara apá. Ẹ má jẹ́ kó wọ́ nílẹ̀. Iyanrìn díẹ̀ tó bá wọ ẹnu rọ́bà lónìí, inú fálúùfù (ibi tí a ti ń darí epo) àti jáàkì ni yóò gbà lọ ní ọjọ́ tí ẹ bá so ó padà, yóò sì máa fá rọ́bà ìdènà tó wà níbẹ̀ títí epo yóò fi máa jò.

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì láti fi ẹ̀yìn rìn jáde, ẹ wo ibi tí fálúùfù apá wà. Bí ó bá wà lórí katakata, tó jẹ́ pé rọ́bà mẹ́rin nìkan lẹ tú, kò séwu. Ẹ ti ọ̀pá ìdarí pa kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan wà tí fálúùfù ń bá apá lọ. Lórí irú èyí, bí epo ṣe ń wá láti inú póǹpù ni yóò ti dé ibi tí ọ̀nà ti dí. Rọ́bà tó ń gbé epo wá àti èyí tó ń dá a padà gbọ́dọ̀ di ara wọn mú kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ń hu, ẹ́ńjìnnì á máa tiraka, epo á gbóná, póǹpù á sì bàjẹ́ láàárín ìgbà díẹ̀. Mélòó nínú àwọn katakata àlòkù tó ń wọlé láti Japáànù ló ní àkọlé tí awakọ̀ wa lè kà lórí èyí?

Bí gbogbo èyí bá ti tò, ẹ fi ẹ̀yìn jáde jẹ́jẹ́, ní tààrà, kí ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bóyá rọ́bà kan ṣì há síbì kan.

Mo sọ pé kí ẹ tú agbára epo sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni oòrùn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà níbí, rọ́bà dúdú tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ á gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbà á. Epo máa ń fẹ̀ bó bá gbóná: líítà kan tó kúrò ní ìgbóná 25 °C tó dé 60 °C á fẹ̀ tó mílílítà 24 tàbí 25. Bí àyè bá wà, kò séwu. Ṣùgbọ́n nínú rọ́bà tí ẹnu rẹ̀ ti dí, kò sí ibi tí mílílítà wọ̀nyẹn máa gbà, ìfúnpá á sì máa gòkè. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ so ó, akọ kò ní wọ inú abo. Níbẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì kan ti ń fi òòlù àti ìṣó ti bọ́ọ̀lù kékeré inú ẹnu rọ́bà wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Epo tó bá ń bọ̀ láti ibẹ̀ lè la awọ ara já.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ gbé ìbòrí lé rọ́bà lórí, kí ẹ dúró di òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí irin ti tutù, kí ẹ wá tún un gbìyànjú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń wọlé wẹ́rẹ́. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹni tó mọṣẹ́ ni kó wá, kó wọ awò ààbò àti ìbọ̀wọ́ awọ, kó fi àkísà nípọn bo ibi tí nọ́ọ̀tì rọ́bà gbé wọ jáàkì, kó sì rọra yí i díẹ̀díẹ̀ títí epo yóò fi máa kán. Kí apá fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ nígbà náà. Bí apá bá wà lókè tí a bá tú nọ́ọ̀tì, yóò já lulẹ̀.

Nípa epo tó ń jò: ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lára rọ́bà lè ta epo jáde débi tí ojú kò ní rí i. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ọwọ́ wá a kiri. Páálí ni kí ẹ mú, tàbí pákó, kí ẹ máa gbé e kọjá níbi tí ẹ bá fura sí, kí ẹ sì jìnnà sí i. Bí epo bá wọ ara ènìyàn, ojú ọgbẹ́ náà máa ń kéré bí ibi tí kòkòrò ta, ó lè má tilẹ̀ dùn ún púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹni náà á sì fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ. Lábẹ́ awọ, epo ń pa ẹran ara. Wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín ìka tí wọ́n lè gbà là àti ìka tí wọn yóò gé. Ẹ má fi àgbo sí i, ẹ má fi epo pupa pa á, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà kedere pé epo ẹ̀rọ ló fi ìfúnpá wọ inú ara rẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, wọ́n lè rò pé ọgbẹ́ lásán ni, kí wọ́n fi báńdéèjì dì í, kí wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Síso rẹ̀ padà rọrùn bí títú rẹ̀ bá ti dára. Kí ẹ tó wa katakata wọlé, ẹ wo inú ìjókòó irin méjèèjì, ẹ gbọn ẹrẹ̀ àti koríko tó ti há síbẹ̀, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Ẹ wọn atẹ́gùn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí dà bí ohun tí kò bá ọ̀rọ̀ mu, ṣùgbọ́n bí táyà kan bá rọ̀, ìjókòó irin ti ẹ̀gbẹ́ yẹn á wálẹ̀ ju ti èkejì, píìnì kan á wọlé, èkejì á kọ̀. Bákan náà ni bí ẹ bá tú u nígbà tí ẹrù wúwo wà lẹ́yìn, tí ẹ wá ń so ó nígbà tí ẹ̀yìn ṣófo: imú katakata ti wà ní gíga mìíràn. Bó ṣe wà nígbà tí ẹ tú u ni kó wà nígbà tí ẹ bá ń so ó.

Ẹ wọlé jẹ́jẹ́ ní tààrà títí òpó yóò fi fara kan ibi tó yẹ kó jókòó. Ẹ di bíréèkì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ nu ẹnu rọ́bà pẹ̀lú àkísà mímọ́, kí ẹ so ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀dà tàbí téèpù aláwọ̀ sàmì sí wọn: pupa sí pupa, àwọ̀ ewé sí àwọ̀ ewé. Ẹnu rọ́bà tí kò wọlé tán máa ń dà bíi pé ó ti wọlé. Ẹ fà á díẹ̀ láti mọ̀. Bí ọ̀kan kò bá wọlé tán, apá lè gòkè kó kọ̀ láti wálẹ̀, torí pé epo kò rí ọ̀nà padà. Bí awakọ̀ bá wá ń ti ọ̀pá ìdarí lọ́tìí lọ́tìí, rọ́bà lè bẹ́. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ méjì fún ara wọn, ẹ ó ti í pé kó gòkè, yóò sì wálẹ̀.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi bíńtín bíńtín mú òpó jókòó sínú ìjókòó rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi ojú wo ihò. Ojú, tàbí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, ni kí ẹ fi wò ó. Ìka kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láéláé: bí òpó bá yọ̀ ní mìlímítà 10 péré, ihò méjèèjì á di abẹ. Ẹ ti píìnì wọlé lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ fi kílíìpù dè é, kí ẹ tó ká ẹsẹ̀ ìdúró. Píìnì tó sọnù, ẹ ra irú rẹ̀ gan-an. Irin ọ̀pá tí wọ́n fi ń kọ́lé tí àwọn kan ń gé ti ibẹ̀ bọ̀ rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì kún ihò dáadáa. Á máa mì, á máa jẹ ihò náà, títí ìjókòó irin yóò fi di gbọọrọ tí píìnì gidi kò ní lè dúró níbẹ̀ mọ́. Mo ti rí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ púpọ̀, kò sì sí ọ̀kan tí jórinjórin tún ṣe tó padà dára bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé garawa kúrò nílẹ̀ díẹ̀ péré, kí ẹ dán ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Bó bá tọ̀nà, ẹ gbé apá dé òkè pátápátá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí atẹ́gùn inú rọ́bà lè jáde, kí ẹ wo ìwọ̀n epo. Kí ẹnikẹ́ni má wà nísàlẹ̀ o. Ìwé ìlò púpọ̀ ní kí a tún bóòtù ìjókòó irin dì lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ 10 àkọ́kọ́, kí a sì máa fún àwọn oríkèé apá ní gíríìsì ní wákàtí mẹ́wàá mẹ́wàá.

Mo padà sórí ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ẹni kan ṣoṣo ló yẹ kó ṣe gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, òun náà ni kọ́kọ́rọ́ sì gbọ́dọ̀ wà lápò rẹ̀. Ẹni tó ń ti ọ̀pá ìdarí náà ló gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá ti píìnì, lẹ́yìn tó ti pa ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá pín in fún ẹni méjì, tí ọ̀gá wà lókè tí ọmọ wà nísàlẹ̀, ọ̀gá kò rí ọwọ́ ọmọ, ọmọ kò sì gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí nínú ariwo ẹ́ńjìnnì. "Ó ti bọ́ sí i" àti "má tíì tì í" máa ń jọ ara wọn létí nígbà yẹn. Ọmọ ọdún 14 tàbí 15 tí ìyá rẹ̀ fà lé wa lọ́wọ́ kó lè kọ́ iṣẹ́, kí ló dé tí a ó fi rán an lọ síbi tí àwa fúnra wa kò jẹ́ fi ọwọ́ sí? Ibi tó yẹ kó wà ni iwájú, níbi tí apá kò lè dé, kó máa wò, kó sì máa kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ni ìyẹn náà.

Ẹrù ẹ̀yìn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Garawa tó gba ìdá kan nínú mẹ́rin mítà kúbíìkì, bí ó bá kún fún yanrìn tútù, ó ń gbé nǹkan bíi kìlò 480 níwájú. Gbogbo ìwúwo yẹn á fẹ́ gbé ẹ̀yìn katakata fò. Lórí ọ̀pọ̀ katakata, táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ń di. Bí ẹ̀yìn bá fúyẹ́ lórí ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì ò ní ohun tó máa dì mú. Ẹ fi ẹrù sí ìkọ́ ẹ̀yìn kí ẹ tó so apá. Dúrọ́ọ̀mù líítà 200 tí a da kọnkéré kún á wúwo tó kìlò 480. Fún katakata tó kéré jù, ìdajì rẹ̀ ti tó. Iye tí ìwé ìlò bá wí ni kí ẹ má kọjá. Ẹ tún lè fi omi sínú táyà ẹ̀yìn dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá ń rìn, kí garawa wà nísàlẹ̀, kí irin ààbò ẹ̀yìn ìjókòó nà sókè, kí bẹ́líìtì wà ní ìdí. Ẹ̀ka ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ ń sọ pé ó ń dí àwọn lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń ká irin ààbò yẹn. Ẹ gé ẹ̀ka, ẹ fi irin sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì gun garawa láti fi já ẹyìn tàbí láti fi pààrọ̀ gílóòbù.

Apá tí ẹ ti tú sílẹ̀ náà nílò ìtọ́jú. Ọ̀pá dídán inú jáàkì tó bá yọ síta lásìkò òjò á dípẹtà, ìpẹtà náà á sì máa gé rọ́bà ìdènà nígbà tó bá ń wọlé. Ẹ fi gíríìsì fẹ́lẹ́ pa á, kí ẹ nù ún kí ẹ tó so apá padà. Ẹ fi okùn yí ibẹ̀ ká, kí àwọn ọmọdé má fi ṣe ibi eré, torí pé irin tó ga bẹ́ẹ̀ lè dà bí ọmọ mẹ́ta bá gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́ wà fún àwọn tó ń ta katakata àti àwọn tó ń yá a lò, títí kan SoNaMA tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ẹ̀rọ oko: kí wọ́n kọ ìgbésẹ̀ síso àti títú apá sí ojú ewé kan ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí awakọ̀ yóò ti máa rí i. Faransé tó wà nínú ìwé ìlò kò yé gbogbo àwọn tó ń ti píìnì. Èkejì wà fún àwọn tó ń gba katakata fún iṣẹ́ ní wákàtí tàbí ní sarè ilẹ̀: ẹ ka àkókò síso àti títú mọ́ iṣẹ́, kí ẹ sanwó rẹ̀. Ìdajì wákàtí ló gbà bí a kò bá kánjú. Awakọ̀ tó mọ̀ pé wọn kò ní sanwó fún ìdajì wákàtí yẹn ni yóò fò títú agbára epo sílẹ̀, tí yóò pe ọmọ wá kó wo ihò fún òun.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì katakata kan, Kétu